Àdúrà Lórí Kéèkì Yìnyín

Ooru ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, kì í ṣe ìpè ìrun. Òjò ti ṣú lánàá rẹ̀, ó ṣú bí èyí tí yóò wọ́ gbogbo Bẹẹrẹ lọ, ó sì kọ̀ kò rọ̀. Ooru rẹ̀ nìkan ló fi sílẹ̀ fún wa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ewé kan kò mì. Èéfín iná igi obìnrin tó ń dín àkàrà nísàlẹ̀ ilé wa gòkè ṣánṣán bí òpó, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Àwọn páànù tó ti dípẹtà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ́kẹ́kẹ́ lórí ilé, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí oòrùn bá ń mú wọn, oòrùn ọ̀hún kò sì tíì ga ju orí Màpó lọ. Mo dúró lójú fèrèsé yàrá mi ní Bẹyẹrúnkà, mo sọ fún ara mi pé òní kì í ṣe ọjọ́ ohun tó ń yọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń yọ́ náà ti wà nínú fírísà mi, ó ti dì gbagidi, kò sí ohun tí mo tún lè fi rọ́pò rẹ̀.

Ọmọ-ọmọ mi obìnrin ló ń ṣe wólímọ̀ lọ́jọ́ náà. Òun àti àwọn ọmọ mìíràn nínú agbo ilé wa ti ka Kùránì tán, wọ́n fẹ́ jókòó níwájú àwọn àgbà kí wọ́n kà á sétí gbogbo ènìyàn. Ọmọ tí ọmọbìnrin mi bí ni. Ìyá rẹ̀ kú kí ó tó mọ ìrìn rìn, ọkùnrin tó fún ìyá náà lóyún sì ní òun kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Kò wá kí wa, kò wá wo ojú ọmọ. Láti ìgbà náà ni mo ti gbé e sẹ́yìn. Inú agbo ilé ọkọ mi ló dàgbà sí, nítorí ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti jẹ́ ọmọ. Ọkọ mi ti kú, ṣùgbọ́n mo rò pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó wà lára ọmọ náà ti tó.

Àwọn kan nílé kò gbà pé ó tó. Kò sí ẹni tó pè é lọ́mọ àlè lójú mi o. Wọn á kàn ní "ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ìyàwó wa", bí ẹni ń sọ̀rọ̀ adìẹ tó ṣìnà wọlé. Ohun tí mo ń wá lọ́jọ́ náà kò pọ̀. O mọ bí agbo ilé wa ṣe máa ń ṣe é, ọ̀rẹ́ mi: ọmọ tó bá ń ṣe wólímọ̀, àwọn ẹni rẹ̀ á gbé oúnjẹ kan kalẹ̀ lórúkọ rẹ̀, sàráà ni. Mọ́gàjí, tó jẹ́ olórí ilé, á ní kí wọ́n ṣàdúrà sí i, lẹ́yìn náà ni gbogbo ilé á jẹ ẹ́, látorí àgbà dórí ọmọ ọwọ́. Ọmọ tí ilé bá ti jẹ sàráà rẹ̀ ti di tilé nìyẹn. Kò sẹ́ni tó tún lè ya ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀ tí wọ́n bá ń gba ìdáná rẹ̀, tàbí tí wọ́n bá ń pín yàrá. Mo fẹ́ kí wọ́n jẹ sàráà ọmọ yìí. Mo ti ń darúgbó, mi ò sì fẹ́ fi í sílẹ̀ sínú ilé tí kò gbà á.

Àbúrò ọkọ mi obìnrin ni ẹni tí mo ń bẹ̀rù. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí mo wọlé bí ìyàwó. Mo pọ̀n ọ́n, mo wẹ̀ fún un, mo fi ẹnu fa ikun imú rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀fìnkìn fẹ́ dí i léèémí. Ṣùgbọ́n ó ti wà nílé kí n tó dé, nítorí náà ọkọ mi ni, títí di ọjọ́ tí mò ń sọ yìí ni mo ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀. N kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Eyínafẹ́ ni mo sọ ọ́, nítorí bí eyín rẹ̀ ṣe gún régé nígbà tó kọ́kọ́ hù ú. Ìyàwó ni òun ń pè mí. Ó ti kọ ilé ọkọ sílẹ̀ tipẹ́, ó padà sílé bàbá rẹ̀, ohun tó bá sì sọ láàárín àwa obìnrin ilé, abẹ gé e ni. Ọmọ-ọmọ tirẹ̀ wà lára àwọn tó ń ṣe wólímọ̀, ṣùgbọ́n ohùn ọmọ tèmi ló dùn jù lẹ́nu kéú, áfáà sì ti ní òun ni kí ó kà á kẹ́yìn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọmọ náà ló bẹ̀ mí fún kéèkì áísìkiriìmù. Ó rí i lójú fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan nílé kéú, ó sáré wá bá mi níwájú ilé níbi tí mo ti ń ta yìnyín àti sóbò tútù.

"Màámá, kì í ṣe kẹ́ ẹ rà á o. Ẹ̀yin lẹ máa ṣe é. Ṣebí yìnyín niṣẹ́ yín."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìwọ yìí, o fẹ́ kí n di òyìnbó lọ́jọ́ alẹ́ mi." Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń dá àwọn oníbàárà lóhùn, mo ń rò ó. Ìrẹsì àti ẹran díndín ni gbogbo àwọn yòókù máa gbé kalẹ̀. Tí àwa bá gbé ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí nínú ilé wa wá, wọn á sáré jẹ ẹ́. Wọn á ti jẹ ẹ́ tán kí wọ́n tó rántí pé àwọn ò fẹ́ jẹ ẹ́. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn, n kò sì rò pé mo ṣì í rò.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú wólímọ̀ la bẹ̀rẹ̀. Mo ra kéèkì lásán lọ́wọ́ obìnrin oníkéèkì kan ní Oríta-mẹ́rin, mo fi ọ̀bẹ là á pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Mo po mílíìkì oníyẹ̀fun títí ó fi ki bí ẹ̀kọ gbígbóná, mo da mílíìkì alágolo tó dùn sí i, mo gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti pọ́n rọ̀ mọ́ ọn. Tí o bá kàn gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú fírísà tí o fi í sílẹ̀, òkúta ni yóò dà, èèyàn á fi eyín ṣèṣe. Ńṣe ni mo ń gbé e jáde bí etí rẹ̀ bá ti ń dì, mo ń fi orógùn nà án títí yóò fi rọ̀ tí yóò sì wú, mo ń dá a padà. Ọmọ di bàsíà mú fún mi, ó ń ka Kùránì rẹ̀ lábẹ́nu bí mo ṣe ń nà án. Tí apá bá ro mí tí mo dúró, òun náà á dúró. Mo tẹ́ ọ̀rá sínú bàsíà mìíràn kí ó lè yọ tí a bá dojú rẹ̀ délẹ̀, mo to kéèkì sí i, mo da mílíìkì lé e, mo tún to kéèkì, mo tún da mílíìkì, títí ó fi kún. Ọmọ fi ìka nu èyí tó kù létí bàsíà, ó tọ́ ọ wò, ó di ojú.

"Màámá, ó dà bí ẹni pé èèyàn ń jẹ ọyẹ́."

Mo ti ro ti àdúrà, má rò pé mi ò rò ó. Mo fọ́ yìnyín sínú tíréè ńlá, mo bu iyọ̀ sí i dáadáa, bí àwa oníyìnyín ṣe máa ń ṣe kí nǹkan lè tutù kọjá ti yìnyín lásán; orí rẹ̀ ni kéèkì máa jókòó sí. Mo tún lọ bá áfáà láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ní kí ó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí tèmi wà nínú fírísà títí dìgbà tí ó bá kan ọmọ mi, kó sì ṣe àdúrà tiwa ní ṣókí. Ó ní, "Kò sí wàhálà, Màámá, Ọlọ́run kì í ṣe adití." Eyínafẹ́ jókòó nítòsí, ó ń rẹ́ àlùbọ́sà. Ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ wa. Kò gbójú sókè.

Ojú oòrùn ti le nígbà tí a jókòó sábẹ́ kánópì. Àwọn ọmọ kàwé, ọmọ-ọmọ Eyínafẹ́ ṣì í kà nígbà kan, áfáà tún un ṣe, a jọ kà á pọ̀, ó kọjá. Nígbà tí ó kan tèmi, obìnrin tó ń gé ẹran ní ẹ̀yìnkùlé dáwọ́ dúró. Ọmọ náà wọ aṣọ funfun, orí rẹ̀ kéré nínú ìborùn, ohùn tó sì ń ti ẹnu rẹ̀ jáde dà bí omi tó ń kán sínú ìkòkò tuntun. Mọ́gàjí mi orí títí ó fi parí. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé sàráà kalẹ̀. Wọ́n ṣàdúrà sí ìrẹsì, wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n ṣàdúrà sí ẹran àti mọ́sà, wọ́n jẹ ẹ́. Áfáà wá pe orúkọ ọmọ mi.

Mo gbé bàsíà jáde, mo dojú rẹ̀ dé orí tíréè, mo fa ọ̀rá yọ. Gbogbo ènìyàn ké "Háà!" Funfun báláú ni, ó rí rìbìtì, òtútù ń rú lára rẹ̀ bí èéfín. Àwọn ọmọdé dìde. Mọ́gàjí, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, na ọwọ́ kàn án, ó fa ọwọ́ padà kíá, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ó bù mí jẹ!" Ọmọ mi kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tíréè, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì fún àdúrà. Áfáà mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, ó ṣe é ní ṣókí, a ṣe Fátíà. Ọ̀bẹ ti wà lọ́wọ́ mi.

Eyínafẹ́ dìde.

"Áfáà, ẹ má bínú," ó ní. Ohùn rẹ̀ tutù, ó dùn. "Ọmọ yìí kò ní bàbá tí yóò ṣàdúrà fún un. Ẹ jẹ́ ká má fi àdúrà kékeré rẹ́ ẹ jẹ. Gbogbo wa ni bàbá rẹ̀ lónìí."

Gbogbo abẹ́ kánópì ní òótọ́ ni. Àwọn obìnrin mìíràn tilẹ̀ nu ojú. Ó wá yíjú sí bàbá arúgbó kan nínú ìdílé, èyí tí gbogbo wa mọ̀ pé tí ó bá mú àdúrà, ìpilẹ̀ ilé wa ló ti máa bẹ̀rẹ̀, á máa dárúkọ òkú kọ̀ọ̀kan títí á fi dé orí alààyè. "Bàbá, ẹ gbà á fún wa." Bàbá gbà á. A ń ṣe Àmín. Ooru ń ṣàn lẹ́yìn wa. Mo ń wo etí kéèkì náà bí ó ṣe ń dán, bí ó ṣe ń dẹ̀, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ń yọjú. Nígbà tí bàbá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo tún gbé ọ̀bẹ. Eyínafẹ́ ní, "Ìyá wa àgbà náà ńkọ́? Ṣé obìnrin kì í ṣàdúrà ni?" Ìyá àgbà náà gbà á.

Mo fi orúnkún rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́ létí rẹ̀, "Eyínafẹ́ mi, ẹ dákun, ẹ ṣàánú wa. Ó ń yọ́."

Òun kò sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Ìyàwó, èwo ló ká ọ lára, oúnjẹ àbí àdúrà?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ta ló lè dìde nílé Mùsùlùmí, níwájú àwọn àgbà, kó ní ẹ má ṣàdúrà fún ọmọ mi mọ́? Mo padà síbi tí mo wà. Ọmọ mi ló dùn mí jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Àmín tirẹ̀ ló ń ròkè jù. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é kíákíá, Àmín, Àmín, kí ẹni tó ń ṣàdúrà tó parí ọ̀rọ̀, bí ẹni pé ó ń ti àdúrà náà lẹ́yìn kó lè yára. Omi oníyọ̀ kún tíréè, ó ya sórí ẹní, ó rin ín láṣọ lórúnkún. Ẹ̀gbẹ́ kan kéèkì náà rọra jábọ́ bí ògiri alámọ̀ tí òjò pa. Ọmọ-ọmọ Eyínafẹ́ ló kọ́kọ́ sọ ọ́: "Ẹ wò ó, ó ti ń tọ̀!" Àwọn ọmọdé bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń na fóònù sókè. Ẹnì kan mìíràn ti tún gba àdúrà. Ìgbà yẹn ni ọmọ mi pa ẹnu rẹ̀ dé. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣì wà ní títẹ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ Àmín lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí àdúrà tán, ohun tó wà nínú tíréè kò ju ẹrẹ̀ kéèkì nínú omi mílíìkì lọ. Mọ́gàjí, tí kò rí i dáadáa, ní, "Ó yá, ẹ fún mi ní tèmi kí n jẹ ọyẹ́ òyìnbó." N kò gbà pé ó ti bàjẹ́. Mo ti gbé èyí tó wà láàárín, tí iyọ̀ kò tíì dé, mo bù ú sínú ife. Mo ní, "Bàbá, ó ti di mímu. Ẹ mu ún, ó dùn." Òótọ́ ni, ó dùn. Mọ́gàjí gba ife, ó gbé e súnmọ́ ẹnu. Ọ̀rẹ́ mi, ife náà kan ètè rẹ̀. Ká ní ó gbé e mì, tiwa ti parí, ẹ̀kán kan ti tó.

Eyínafẹ́ mí kanlẹ̀. "Gbogbo àdúrà yìí," ó ní, "sàráà ọmọ yìí nìkan ni kò lè dúró dè é. Èmi ò sọ nǹkan kan o. Ẹni tó ni àdúrà ló mọ ohun tó ń fi hàn wá."

Ọkùnrin kan tó ti na ọwọ́ gba ife tirẹ̀ fa ọwọ́ padà sábẹ́ agbádá. Mọ́gàjí kò mu ún. Lẹ́yìn náà ó gbé ife náà kalẹ̀ lórí ẹní, ó rọra gbé e, kó má baà dà. Kò wo ojú mi. Èmi kò lérò pé ènìyàn burúkú ni. Ẹ̀rù ló bà á, irú ẹ̀rù tó máa ń ba àwọn àgbà tí wọ́n bá gbọ́ pé Ọlọ́run ti dá sí ọ̀rọ̀.

"Ẹ má jẹ́ ká fi ṣòfò," Eyínafẹ́ ní. "Ẹ gbé e fún àgbò."

Wọ́n gbé tíréè lọ sídìí igi tí wọ́n so àgbò mọ́. Àgbò fẹ́ràn iyọ̀. Ó mu ún, ó lá tíréè náà fínnífínní, irun àgbọ̀n rẹ̀ ń kán tótó. Òun nìkan ló jẹ sàráà ọmọ mi.

A wọ yàrá lọ. Ọmọ kò sunkún. Ó jókòó sétí ibùsùn, ó bi mí pé, "Màámá, ṣé gbogbo àdúrà yẹn ni Ọlọ́run gbọ́?" Mo ní kí ó bọ́ aṣọ funfun rẹ̀ kí n fi omi ṣan án kí mílíìkì tó gbẹ sí i lára.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà láti ìgbà yẹn, níbi tí mo bá jókòó tí n kò rí ẹni rajà. Ká ní Eyínafẹ́ bú mi, èmi náà ní ẹnu. Ká ní ó ta kéèkì náà nípàá, àwọn tó ń nu ojú níjọ́ yẹn ì bá gbèjà wa. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè kọ̀ ló fi ṣe é. Mo ti rí ẹni tí wọ́n lù, mo ti rí ẹni tí wọ́n ju ẹrù rẹ̀ síta, àwọn yẹn mọ̀ pé wọ́n ṣe àwọn ní ibi. Àwa, ńṣe ni wọ́n ní ká dúpẹ́. Títí dòní, tí o bá bi ará ilé náà, wọn á sọ fún ọ pé kò sí ọmọ tí wọ́n ṣàdúrà fún tó bẹ́ẹ̀ rí, wọn kò sì purọ́. Ohun tó yé mi nìyẹn: kò sí àyè fún wa nínú ilé náà, bí a tilẹ̀ gbé odidi màlúù wá. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ohun tí wọn á jẹ. Wọn kò fẹ́ jẹun lọ́wọ́ wa.

Nítorí náà, bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣe mọ́, mo di ẹrù. Mo pe àbúrò mi ọkùnrin lórí fóònù, ẹni tó wà nílé bàbá wa ní Ọjà'ba. Mo ní à ń bọ̀ wálé. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bọ̀," ó ní. "Ṣé ilé yín kọ́ ni?" Ọmọ gbé báàgì Kùránì rẹ̀ kọ́ èjìká, mo di aṣọ wa sínú ìdì kan, mo ní kí wọ́n wá gbé fírísà lọ́sàn-án.

Eyínafẹ́ wà lójú ọ̀nà àbáwọlé, ó ń run orín. Àwọn ìyàwó ilé ń gbálẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i bí mo ṣe ń ṣe láràárọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé yẹn.

"Ìyàwó, níbo lẹ ń gbẹ́rù lọ láàárọ̀ kùtùkùtù?"

"Ilé bàbá mi ni, ọkọ mi. Èmi àti ọmọ mi kò ní padà mọ́."

Ó yọ orín lẹ́nu. Ó wo àwọn ìyàwó tó ń gbálẹ̀, wọ́n ti dáwọ́ dúró, wọ́n ń wo òun. Ó ní láti ṣe ohun tí ọmọ ilé máa ń ṣe fún ìyàwó tó ń rìnrìn àjò. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Ẹ ò ní kàgbákò. Ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ gbé, ire lẹ máa fi í kò."

Ó dúró. Ó ń retí Àmín mi. Kò sí ẹni tó lè gba Àmín yẹn ṣe ṣáájú mi, nítorí èmi ni wọ́n ṣàdúrà fún. Mo wo ojú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ tí mo wà, ojú tí mo ti fi omi bọ́ nígbà tí kò tíì lè jókòó. Mo dìde, mo gbọn iyanrìn kúrò lórúnkún, mo gbé ìdì aṣọ karí. Mo di ọwọ́ ọmọ mi mú, a sọ̀kalẹ̀ lọ sọ́nà Bẹẹrẹ láti wá kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Ọjà'ba, ọwọ́ Eyínafẹ́ sì ṣì wà lókè nígbà tí a yà síkòrò.